Báwo Ni A Ṣe Lè Mọ Wòlíì Òtítọ́?

Bíbélì Kíkà: Jeremáyà 28:1-17, Deuteronómì 13:1-5, 18:20-22
Àkọ́sórí: 1 Jòhánù 4:1
Ète Ẹ̀kọ́: Kí onígbàgbọ́ lè mọ bí a ti í dán ọ̀rọ̀ tí a sọ ní orúkọ Olúwa wò, kí ó má baà kẹ́gàn iṣẹ́ Ẹ̀mí, kí ó má sì tẹ̀lé ohùn àjèjì.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Ẹ̀yin ará, kí a tó ṣí Bíbélì wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa. Ọmọ méjì ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kọ́kọ́ bí, àwọn méjèèjì ni ó sì kú kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta. Nígbà tí ẹkún pọ̀, ọ̀rẹ́ kan mú ẹ̀gbọ́n mi àti ìyàwó rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aríran kan. Aríran náà kọrin, ó gbàdúrà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ iye ọmọ tí wọ́n ti sin. Ó sọ irú ọ̀dà tí ó wà lára ìlẹ̀kùn ilé wa. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé Olúwa fi obìnrin arúgbó kan han òun, tí ó máa ń jókòó ní ẹ̀yìnkùlé, tí ojú rẹ̀ kan ti fọ́, pé òun ni ó ń pa àwọn ọmọ náà. Ìyá tí ó bí bàbá wa ni.

Kò sí ẹni tí ó na Ìyá Àgbà, a kò sì lé e jáde. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó gbé ọmọ mọ́. Àwọn ọmọdé ń sá fún un. Èmi pàápàá, tí mo ti ń kọ́ kíláàsì ní Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi nígbà náà, kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Mo máa ń wí pé mo ti yó. Oṣù mẹ́ta kò pé tí ó fi di ẹrù rẹ̀, tí ó lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ìlú mìíràn.

Èmi yóò sọ ìparí ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀kọ́ yìí tó parí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí nísinsìnyí ni pé nítorí ìlẹ̀kùn ni a ṣe gbà á gbọ́. Nítorí pé ó mọ ọ̀dà ara ìlẹ̀kùn wa, a gbà pé Ọlọ́run ni ó rán an. Ǹjẹ́ ó yẹ bẹ́ẹ̀?

1. ÀṢẸ MÉJÌ TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ YÀ KÚRÒ LÁRA WỌN

Nínú 1 Tẹsalóníkà 5:19-21, Pọ́ọ̀lù kọ́ ìjọ pé kí wọ́n má ṣe pa iná Ẹ̀mí, kí wọ́n má sì fi ojú tín-ín-rín wo ìsọtẹ́lẹ̀. Kò dúró níbẹ̀. Ó fi kún un lójú kan náà pé kí wọ́n dán ohun gbogbo wò, kí wọ́n sì di èyí tí ó dára mú. Àwọn kan nínú wa di àṣẹ èkíní mú, wọ́n sọ èkejì nù: ohunkóhun tí a bá ti fi orúkọ Olúwa sọ, wọ́n á gbé e mì bí òkèlè. Àwọn mìíràn di èkejì mú, wọ́n sọ èkíní nù: wọ́n á rẹ́rìn-ín sí gbogbo ẹni tí ó bá wí pé Ọlọ́run bá òun sọ̀rọ̀. Àwọn méjèèjì ni ó ṣàìgbọ́ràn.

Àwọn kan a máa wí pé ẹ̀ṣẹ̀ sí Ẹ̀mí Mímọ́ ni láti dán wòlíì wò. Ṣùgbọ́n nínú 1 Kọ́ríńtì 14:29, Pọ́ọ̀lù pàṣẹ pé bí wolii méjì tàbí mẹ́ta bá sọ̀rọ̀, kí àwọn tí ó kù ṣe ìdájọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ní Bèróà, nígbà tí Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ wàásù, àwọn ènìyàn yẹ Ìwé Mímọ́ wò lójoojúmọ́ láti mọ̀ bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ (Ìṣe 17:11). Ìyìn ni Lúùkù fi fún wọn, kò bá wọn wí.

Àwa Onítẹ̀bọmi gbàgbọ́ pé olúkúlùkù onígbàgbọ́ ni ó ní òmìnira láti wá sí iwájú Ọlọ́run nípasẹ̀ Kristi, àti láti ka Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé òmìnira yìí jẹ́ ẹrù pẹ̀lú. A kò lè gbé e lé orí pásítọ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè gbé e lé orí aríran.

2. BÍ Ó BÁ ṢẸ, ṢÉ Ó TÓ?

Deuteronómì 18:20-22 fún wa ní ìdánwò kan tí ó rọrùn láti lóye: bí wòlíì bá sọ̀rọ̀ ní orúkọ Olúwa, tí ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ, Olúwa kọ́ ni ó sọ ọ́. Ìdánwò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Èkíní, ohun tí ó ṣẹ lè ti ọ̀dọ̀ ibòmíràn wá. Ìwé kan náà, ní orí 13, sọ pé bí àmì tí wòlíì kan sọ bá tilẹ̀ ṣẹ, tí ó sì ń fà yín lọ sọ́dọ̀ ọlọ́run mìíràn, ẹ má ṣe gbọ́ tirẹ̀. Ní Fílípì, ẹrúbìnrin kan ń tẹ̀lé Pọ́ọ̀lù àti Sílà, ó ń kígbe pé ìránṣẹ́ Ọlọ́run Ọ̀gá Ògo ni wọ́n (Ìṣe 16:16-18). Òtítọ́ gidi ni ó ń sọ. Síbẹ̀ ẹ̀mí àfọ̀ṣẹ ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ń mú èrè púpọ̀ wá fún àwọn olówó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ọ̀dà ìlẹ̀kùn, ohun tí èyí fi hàn kò ju pé ó mọ ọ̀dà ìlẹ̀kùn lọ. A kò tilẹ̀ bi ọ̀rẹ́ tí ó mú wa lọ léèrè ohun tí ó ti sọ fún aríran náà kí a tó dé. Àwọn àgbà wa a máa wí pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe náà dùn ní ẹnu, ṣùgbọ́n pé ohun kan tẹ̀lé èkejì kò fi hàn pé èkejì ni ó fà á.

Èkejì, ìdánwò yìí máa ń pẹ́. Ẹni tí a sọ fún lónìí pé kí ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní láti pinnu lónìí. Bí ó bá dúró di ọdún mẹ́wàá láti mọ̀ bí ó bá ṣẹ, ilé ti tú.

Ẹ̀kẹta, ìkìlọ̀ Ọlọ́run a máa ní ìdí nínú. Jónà kéde ìparun Nínéfè ní ogójì ọjọ́. Ogójì ọjọ́ kọjá, ìlú náà wà síbẹ̀, nítorí pé wọ́n ronú pìwà dà. Jeremáyà 18:7-10 ṣàlàyé ìlànà yìí. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: àwọn púpọ̀ ti sá pamọ́ sẹ́yìn Jónà. Bí ẹnìkan bá sọ àsọtẹ́lẹ̀ tí kò ṣẹ, kí a bèèrè pé, ta ni ó ronú pìwà dà? Bí kò bá sí ẹnìkan, Jónà kò lè gbà á sílẹ̀.

Ìtàn ìjọ kọ́ wa pé òótọ́ inú nìkan kò tó. William Miller jẹ́ àgbẹ̀ ní ìpínlẹ̀ New York ní Amẹ́ríkà, Onítẹ̀bọmi sì ni gẹ́gẹ́ bí àwa. Ó ka Bíbélì rẹ̀ tọkàntọkàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì gbà pé Olúwa yóò padà wá ní nǹkan bí ọdún 1843. Nígbà tí àkókò náà kọjá, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ dá ọjọ́ kan, ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀tọ́bà ọdún 1844, òun náà sì gbà á nígbẹ̀yìn. Àwọn kan fi irè oko wọn sílẹ̀ láìkórè. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bí ó ti máa ń mọ́. Ìyìn tí ó tọ́ sí Miller ni pé ó jẹ́wọ́ ní gbangba pé òun ṣìnà nípa àkókò náà. Ẹni tí kò purọ́ lè ṣìnà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń dán ọ̀rọ̀ ènìyàn wò, kì í ṣe pé a ń pè é ní òpùrọ́.

3. ỌJỌ́ TÍ WÒLÍÌ MÉJÌ DÚRÓ NÍWÁJÚ ÌJỌ

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Jeremáyà 28. Ní ọdún 597 kí a tó bí Olúwa wa, Nebukadinésárì ti kó ọba Jèhóákínì, àwọn ìjòyè, àti ohun èlò tẹ́ḿpìlì lọ sí Bábílónì. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà ìjọba Sedekáyà, Jeremáyà gbé àjàgà igi sí ọrùn ara rẹ̀ láti kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n tẹríba fún Bábílónì. Hananáyà ará Gíbíónì dìde nínú tẹ́ḿpìlì, ó ní Olúwa yóò dá ohun gbogbo padà láàrin ọdún méjì. Ó já àjàgà náà kúrò ní ọrùn Jeremáyà, ó sì ṣẹ́ ẹ.

Ẹ fi ara yín sí ipò ẹni tí ó dúró níbẹ̀ ní ọjọ́ náà. Àwọn méjèèjì ni a ń pè ní wòlíì. Àwọn méjèèjì ni ó sọ̀rọ̀ ní orúkọ Olúwa. Àwọn méjèèjì ni ó fi nǹkan ṣe àpẹẹrẹ lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀rọ̀ Hananáyà ni ó sì dùn jù, nítorí ta ni kò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ti oko ẹrú dé? Ọdún méjì kò tíì pé. Kí ni olùgbọ́ lè fi mọ̀ nígbà náà? Mo rí ohun mẹ́rin.

(a) Ọ̀rọ̀ tí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Jeremáyà rán wọn létí àwọn wòlíì tí ó ti wà ṣáájú wọn (ẹsẹ 8). Ọlọ́run kì í gbàgbé ohun tí ó ti sọ. Ìṣípayá tí ó bá ta ko Ìwé Mímọ́ kò ní agbára lórí wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlá mẹ́wàá ni ó gbè é lẹ́yìn.

(b) Ọwọ́ tí ó fi mú ẹ̀ṣẹ̀. Ní orí 23, Jeremáyà fi ẹ̀sùn kan àwọn wòlíì èké pé wọ́n ń ki àwọn olùṣe búburú láyà, wọ́n sì ń ṣèlérí àlàáfíà fún àwọn tí ó kẹ́gàn Olúwa. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Hananáyà, kò sí ohun kan tí ó ní kí ẹnikẹ́ni yí padà. Olówó èlé lè gbọ́ ọ kí ó sì lọ sùn. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ líle ni òtítọ́ nígbà gbogbo. Jeremáyà náà sọ̀rọ̀ ìrètí ní orí 29 sí 33. Ṣùgbọ́n ìrètí tirẹ̀ gba inú ìrònúpìwàdà kọjá.

(d) Ìwà rẹ̀ nígbà tí a bá ta kò ó. Nígbà tí Hananáyà sọ̀rọ̀, Jeremáyà dáhùn pé Àmín, kí Olúwa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́! Nígbà tí wọ́n sì ṣẹ́ àjàgà rẹ̀, kò dá ìran sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ láti fi gbẹ̀san. Ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ Olúwa tọ̀ ọ́ wá. Ní orí 42, nígbà tí àwọn olórí ogun bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọjọ́ mẹ́wàá ni ó dúró kí ó tó dáhùn. Nátánì pẹ̀lú ti kọ́kọ́ sọ fún Dáfídì pé kí ó kọ́ ilé fún Olúwa. Ní òru náà Olúwa tọ́ ọ sọ́nà, ó sì padà lọ sọ fún ọba pé kò rí bẹ́ẹ̀ (2 Sámúẹ́lì 7). Wòlíì tòótọ́ mọ ìyàtọ̀ láàrin ohùn ara rẹ̀ àti ohùn Ọlọ́run. Ẹ bẹ̀rù ẹni tí ìran kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, tí kò sì tíì wí rí pé, ‘Mo ṣìnà.’

(e) Èrè. Míkà 3:5, 11 sọ̀rọ̀ nípa wòlíì tí ń sọ àlàáfíà nígbà tí ẹnu rẹ̀ bá rí oúnjẹ, tí ó sì ń sọ ogun nígbà tí kò bá rí. Bíbélì kò sọ pé Hananáyà gba owó. Ṣùgbọ́n ìyìn pẹ̀lú jẹ́ èrè. Kò sí ibi nínú èyí tí a ti sọ pé kí a má bọ́ òṣìṣẹ́ Olúwa. Ohun tí a ń bèèrè ni bóyá ọ̀rọ̀ náà ń yí padà bí ọwọ́ ẹni tí ń gbọ́ ọ bá ti kún sí.

Hananáyà kú ní oṣù keje ọdún náà. Ní nǹkan bí ọdún 587, Jerúsálẹ́mù wó lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ ṣẹ nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetísílẹ̀ ti lè mọ̀ kí ó tó ṣẹ.

4. ÈSO

Olúwa wa fi ìdánwò mìíràn lé wa lọ́wọ́ nínú Mátíù 7:15-20: èso. Ẹ jẹ́ kí a wo èso ọkùnrin méjì tí àwọn ènìyàn pè ní wòlíì.

William Wadé Harris jẹ́ ará Làìbéríà. Ní ọdún 1913 àti 1914, ó fi ẹsẹ̀ rìn la ilẹ̀ Ivory Coast kọjá pẹ̀lú Bíbélì àti ọ̀pá lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn dáná sun òrìṣà wọn, wọ́n sì gba ìtẹ̀bọmi. Ó sọ fún wọn pé kí wọ́n dúró de àwọn olùkọ́ tí yóò gbé Bíbélì wá. Àwọn aláṣẹ Faransé lé e kúrò nílùú. Nígbà tí òjíṣẹ́ Mẹ́tọ́díìsì kan, William Platt, dé ibẹ̀ ní ọdún 1924, ó bá àwọn ìjọ tí ó ṣì ń dúró de olùkọ́. A lè má fara mọ́ gbogbo ìṣe Harris. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ó kúrò láàrin wọn, wọ́n sì ń retí Bíbélì.

Jim Jones kó ìjọ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà lọ sí inú igbó Guyana. Àwọn ènìyàn fi ilé àti owó wọn lé e lọ́wọ́. Ó kẹ́gàn Bíbélì ní gbangba, ó sì gbé ara rẹ̀ dípò Ọlọ́run. Ní ọjọ́ 18 oṣù Nọ̀fẹ́ńbà ọdún 1978, ó ní kí wọ́n mu májèlé. Àwọn tí ó kú ní ọjọ́ náà lé ní ẹgbẹ̀rún kan dín ọgọ́rùn-ún, àwọn ọmọdé nínú wọn sì tó nǹkan bí 300. Kì í ṣe ọjọ́ kan ni ó di bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí a sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe bèèrè ìbéèrè.

5. BÍ ÌRAN BÁ DÁRÚKỌ ẸNÌKAN

Ní ilẹ̀ wa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa ènìyàn lára jù ni kí ìran dárúkọ ìyá, ìyàwó bàbá, tàbí aládùúgbò gẹ́gẹ́ bí aṣebi. Kí ni Ìwé Mímọ́ wí? Deuteronómì 19:15 kọ̀ kí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ìran aríran jẹ́ ẹlẹ́rìí kan, ẹlẹ́rìí tí a kò sì lè bi léèrè. Àní Olúwa tí ó mọ ohun gbogbo, nígbà tí ó gbọ́ igbe Sódómù, ó ní òun yóò sọ̀kalẹ̀ lọ wò ó (Jẹ́nẹ́sísì 18:21). Bí Onídàájọ́ gbogbo ayé bá lọ wò, ta ni àwa tí a kò ní lọ wò?

Ẹnìkan lè wí pé, ‘Ákánì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe Ọlọ́run ni ó fi í hàn?’ Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ka Jóṣúà orí 7 dáadáa. Nígbà tí gègé mú Ákánì, Jóṣúà pè é ní ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí ó sọ ohun tí ó ṣe. Ákánì jẹ́wọ́. Síbẹ̀ Jóṣúà rán ènìyàn lọ sínú àgọ́ rẹ̀, wọ́n sì rí ẹrù náà nínú ilẹ̀. A bi í, ó dáhùn, a sì rí ohun tí ó jí.

6. ỌKÀN ÀWA TÍ A Ń GBỌ́

Nínú 1 Àwọn Ọba 22, Áhábù ní irinwó wòlíì tí ó ń sọ ohun tí ó fẹ́. Míkáyà nìkan ni ó yàtọ̀, ọba sì kórìíra rẹ̀ nítorí pé kò sọ rere nípa rẹ̀ rí. Áhábù gbọ́ òtítọ́ ní ọjọ́ náà, ó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa ara dà lọ sí ogun. Síbẹ̀ ó lọ, ó sì kú. Ẹ̀yin ará, àìmọ̀ nìkan kọ́ ni ó ń mú wa ṣìnà. A ti yan ìdáhùn tí a fẹ́ kí a tó lọ bèèrè. Nígbà tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ wá, ohun tí a ń wá ni ẹni tí a ó dá lẹ́bi. Aríran náà fún wa ní ohun tí a bá lọ.

ÌPARÍ

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bí ọmọ kẹta. Ìyá Àgbà kò sí nílé mọ́, ṣùgbọ́n àìsàn kan náà dé: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ náà wú, ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbé e lọ. Dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà wò àti ti òbí rẹ̀ méjèèjì. AS ni ti bàbá, AS ni ti ìyá, SS ni ti ọmọ. Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ni. Ó ṣàlàyé pé nínú oyún kọ̀ọ̀kan tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà ní àrùn yìí. A kò yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì tí ó kú wò rí, ṣùgbọ́n bí àìsàn tiwọn ti rí gan-an nìyẹn.

A lọ bá Ìyá Àgbà, a dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ọmọ náà lé ẹsẹ̀, ó dárí jì wá, ó sì súre fún wa. Lẹ́yìn náà ni ó wò mí, ó ní, ‘Ẹ ò tilẹ̀ bi mí, ọmọ mi.’ Ọdún kejì ni ó sùn nínú Olúwa.

Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ Jóṣúà orí 7 nínú kíláàsì kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ pé Jóṣúà bi Ákánì. Èmi kò bi ìyá mi àgbà.

Ọlọ́run ṣì ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń bá wa sọ̀rọ̀ ti sọ̀rọ̀ nípasẹ̀ Ọmọ rẹ̀ (Hébérù 1:1-2), kò sì ní rán ẹnikẹ́ni láti wá kọ́ wa pé kí a kórìíra ẹni tí Ọmọ náà ní kí a fẹ́ràn.

FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍNÚ KÍLÁÀSÌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin dídán ìsọtẹ́lẹ̀ wò àti kíkẹ́gàn rẹ̀?
2. Èéṣe tí Jeremáyà fi ṣe Àmín sí ọ̀rọ̀ Hananáyà? Ǹjẹ́ àwa lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹni tí ó ta kò wá?
3. Bí a bá sọ fún arákùnrin kan nínú ìjọ yìí pé ìyá rẹ̀ ni ó ń dí i lọ́nà, kí ni kí kíláàsì wa ṣe fún un, kí ni a ó sì ṣe fún ìyá náà?
4. Ǹjẹ́ ẹnìkan wà tí ó yẹ kí o lọ bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?

ÀDÚRÀ: Olúwa, fún wa ní etí tí ń gbọ́ ohùn rẹ, àti ọkàn tí kì í yára dá ẹlòmíràn lẹ́bi. Ní orúkọ Jésù. Àmín.